Àlàáfíà Tí A Fi Gbèsè Rà: Lámèyítọ́ Lórí Owó Ìrànwọ́ Fún Ìdílé Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ní Agbègbè Pobè

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí jẹ́ lámèyítọ́ lórí oríṣi ètò mẹ́ta tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 2005: owó ìdàgbàsókè tí a fi lé ìlú lọ́wọ́, ìrànwọ́ fún aláìní paraku, àti owó yíyá kékeré fún àwọn obìnrin. Ojú ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ ní Pobè ni a fi wò wọ́n. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nílò ni owó tí kò ní dá padà, tí ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n yóò fún un, tí òun náà sì lè bi ẹgbẹ́ náà léèrè bí wọ́n ṣe pín in. Kò sí ọ̀kan nínú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kó nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀.

1. Ìfáárà

Pobè ni olú ìlú ẹkùn Plateau láti ọdún 2016. Àwọn ìlú tó bá a wà nínú ẹkùn náà ni Sakété, Ifangni, Adja-Ouèrè àti Kétu. Nàgó àti Ọ̀họ̀rí pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀, ààlà Nàìjíríà kò sì jìnnà sí wọn. Kò sí ẹni tó lè pe agbègbè yìí ní ilẹ̀ ọ̀lẹ. Lọ́dún 1922 ni ìjọba amúnisìn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ epo ti wà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí Faransé tó dé. Títí di òní, obìnrin tó ń ṣe epo, èyí tó ń yan gààrí, aránṣọ, ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémidjan, àti ẹni tó ń ta bẹntiróò kpayo lẹ́bàá títì, gbogbo wọn ló ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ìṣòro wọn kì í ṣe àìríṣẹ́ṣe. Ìṣòro wọn ni pé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, tàbí bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bá kú, owó òwò ni wọn yóò fi tún un ṣe, òwò fúnra rẹ̀ yóò sì wó.

Irú ìdílé báyìí wà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláàánú United Way ní New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́dún 2009, wọ́n sì sọ wọ́n ní ALICE: àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí owó tó ń wọlé fún wọn ju ti ẹni tí ìjọba ń pè ní tálákà lọ, síbẹ̀ tí kò tó gbọ́ bùkátà ilé. Ní orílẹ̀-èdè náà, àṣà pé kí ará ìlú dá owó sí àpò kan, kí ìgbìmọ̀ ará ìlú sì máa fi í ṣèrànwọ́, ti pẹ́. Láti ọdún 1914 ni Cleveland Foundation ti ń ṣe é. A kò mú àpẹẹrẹ yìí wá láti sọ pé kí Pobè ṣe bíi Cleveland. A mú un wá nítorí ìbéèrè tó bí: ní Bẹ̀nẹ̀, ta ló ka ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀, owó wo ni a sì yà sọ́tọ̀ fún un?

2. Ètò mẹ́ta àti ìdílé kan

Ètò kìíní ni ti ìdàgbàsókè tí ará ìlú fúnra wọn ń darí. Ìjọba àti Bánkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ PNDCC lọ́dún 2005; PSDCC tẹ̀ lé e lọ́dún 2012. Ohun tuntun tó wà nínú rẹ̀ ni pé a gbé owó lé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé lọ́wọ́. Àwọn ará abúlé ló yan ohun tí wọn yóò kọ́, àwọn ló sì ṣírò owó rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, torí ó tako àwọn tó ń sọ pé ará abúlé kò lè tọ́jú owó ìlú. Ibi tó kù sí ni pé ohun tí owó náà ń kọ́ jẹ́ ti gbogbogbòò: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwòsàn kékeré, ìsọ̀ ọjà. Ìsọ̀ ọjà tuntun wúlò fún ẹni tó ní ọjà tí yóò kó sínú rẹ̀. Ẹni tí owó òwò rẹ̀ ti bá àìsàn lọ, òde ni yóò ti máa wo ìsọ̀ náà.

Ètò kejì ni ti aláìní paraku. PSDCC náà ní apá kan tó ń fún irú wọn lówó, ètò ARCH tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò lọ́dún 2019 sì fi wọ́n ṣáájú nínú ìtọ́jú ìlera. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ló yẹ kó kọ́kọ́ rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ni irú ètò yìí ń lò, ìwé orúkọ sì ní ibi tó pin sí. Aránṣọ tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan kò ní wọ inú rẹ̀. Bó bá ta ẹ̀rọ náà tán láti san owó oníṣègùn, ìgbà náà ni yóò tóótun. Ètò tó ń dúró de ìṣubú kí ó tó nawọ́ kò lè sọ pé òun ń mú ìdílé dúró.

Ètò kẹta ni owó yíyá kékeré, òun nìkan ló sì dojú kọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tààrà. Lọ́dún 2007, lábẹ́ Ààrẹ Boni Yayi, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin ní 30.000 sẹ́fà, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn. Lábẹ́ Ààrẹ Patrice Talon, àpò ìjọba tó ń bójú tó owó yíyá kékeré, FNM, tún ètò náà gbé jáde lọ́dún 2020. Orí fóònù ni owó ń gbà wọlé báyìí, orúkọ rẹ̀ sì ni Alafia. Iye rẹ̀ gòkè láti 30.000 sí 50.000, ó sì dé 100.000. Ká fi wé nǹkan mìíràn: láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fàyè gbà jẹ́ 52.000 sẹ́fà. Ọ̀kẹ́ márùn-ún sẹ́fà yìí kò tó owó oṣù méjì fún òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

3. Ohun tí orúkọ náà ń sọ

Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà, àlàáfíà, ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ti Yorùbá pátápátá, àwọn èdè mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀ náà sì ń lò ó. Bí a bá bi ara wa pé ‘Ṣé àlàáfíà ni?’, ara, ilé, ọmọ àti iṣẹ́ là ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn baba wa kò da èyí pọ̀ mọ́ gbèsè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ọrẹ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún àwìn, ọ̀tọ̀ fún èlé, ọ̀tọ̀ fún èsúsú. Wọ́n sì mọ̀ pé gbèsè lè sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà nílé onílé. Nígbà tí ètò ìjọba bá wá mú ọ̀rọ̀ ìkíni tó gbòòrò báyìí fi sọ owó yíyá lórúkọ, ojúṣe lámèyítọ́ ni láti ṣí ìbòrí náà wò.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ epo. Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀. Epo a pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Bó bá yá tí ẹyìn wọ́n, owó epo a gòkè. Èrè obìnrin tó ń ṣe epo ni kí ó rí owó ra ẹyìn nígbà tó pọ̀, kí ó fún epo rẹ̀, kí ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó sì dúró. Dídúró yẹn gan-an ni òwò náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó yíyá tí a ń dá padà lóṣooṣù ló fi ra ẹyìn, kò lè dúró. Yóò ta epo ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń tà, kí ó lè rí owó oṣù náà san. Alágbàtà tó ní owó tirẹ̀ ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò sì jẹ èrè dídúró.

Èlé tí a kọ sínú ìwé ni àwọn ènìyàn sábà máa ń bínú sí. Báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà, BCEAO, sì ti fi òdiwọ̀n sí i: láti ọdún 2014, ilé iṣẹ́ owó yíyá kékeré kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n èlé tí a kò kọ sínú ìwé, ìyẹn èrè tó sọnù nítorí pé a kánjú tà, kò ní òdiwọ̀n kankan.

Ohun tí ìwádìí rí níbòmíràn bá èyí mu. Lọ́dún 2015, àbájáde ìwádìí mẹ́fà jáde pa pọ̀, láti Bosnia, Ethiopia, Íńdíà, Mẹ́síkò, Mòngólíà àti Mòrókò. Owó yíyá kékeré fún àwọn kan láǹfààní láti ṣe iṣẹ́ tó wù wọ́n, èyí kò sì ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àmọ́ kò sí ibi kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ti yí ìgbésí ayé àwọn tó gbà á padà bí wọ́n ti ṣèlérí.

4. Agbára èsúsú àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí a fi ń wá owó lọ síta nígbà tí a ní èsúsú. Èsúsú ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921. William Bascom kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí lọ́dún 1952, níbi tó ti pè é ní ètò owó yíyá àwọn Yorùbá. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú ló yá owó; ẹni tó kó o kẹ́yìn, ìfowópamọ́ ló ṣe. Dagnelie àti LeMay-Boucher, tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí tontín ní Kútọnu, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2012, rí i pé ìdí pàtàkì tí àwọn ènìyàn fi ń wọ̀ ọ́ ni kí wọ́n lè fi de ara wọn lọ́wọ́, kí owó má baà tán sínú ìnáwó ojoojúmọ́. Èyí fi hàn pé ohun tí ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ kò ní kì í ṣe ìkóra-ẹni-níjàánu. Wọ́n ti wá ọgbọ́n sí ìyẹn fúnra wọn.

Níbo ni agbára rẹ̀ wá pin sí? Ká ní obìnrin mẹ́wàá ń dá 2.000 sẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá kàn yóò kó 20.000. Bí ọmọ ẹnì kan bá ṣàìsàn, wọ́n lè yí ètò padà kí ó kó tirẹ̀ ṣáájú. Níbi tí wàhálà bá ti ń kan ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èsúsú tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà kéde òpin owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó lítà kan lọ́hùn-ún ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni náírà já wálẹ̀. Ẹni tó ń ta kpayo, ọlọ́kadà tó ń rà á, àti ẹni tó ń kó ọjà lọ sí Nàìjíríà, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn fara gbá a. Nínú ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́wàá wa yìí, kò sí ẹni tí yóò yí ètò padà fún ẹnikẹ́ni, torí gbogbo wọn ló fẹ́ kó lọ́sẹ̀ kan náà. Lóòótọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́wàá tó ṣófo, bí a bá kó wọn jọ, kò lè di owó.

Èsúsú ń gbé owó yí po ni. Kì í fi kún un. Ìdí nìyẹn tí owó fi gbọ́dọ̀ ti ìta wá. Bí ó bá sì wá ní àwọ̀ gbèsè, oṣù tí ọwọ́ le jù náà ni yóò máa béèrè ara rẹ̀ padà. Ó kù kí ó wá gẹ́gẹ́ bí ọrẹ.

5. Ṣé ọrẹ kì í sọ ènìyàn di ọ̀lẹ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹni burúkú, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Ní Siri Láńkà, de Mel, McKenzie àti Woodruff fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ẹ̀bùn owó tàbí ohun èlò tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún tàbí igba dọ́là. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, èrè tí owó náà ń mú wá lóṣù kan tó bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni èrè náà wà lọ́dọ̀ wọn. Òwò àwọn obìnrin kò gbèrú. Ọdún 2019 ni àwọn olùwádìí mìíràn tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀: níbi tí ọkọ náà bá ti ní òwò, owó tí a fún ìyàwó sábà máa ń bọ́ sínú òwò ọkọ, níbi tí obìnrin nìkan bá ti ń ṣòwò nínú ilé, owó rẹ̀ ń mú èrè wá bíi ti ọkùnrin. Ètò tó bá kọ orúkọ obìnrin sílẹ̀, tí kò wo ilé tí obìnrin náà ń padà sí, apá kan ọ̀rọ̀ ló rí.

Ní àríwá Ùgáńdà, ìjọba fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lówó lọ́dún 2008. Àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ló kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 382 dọ́là, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún wọn fi ìdá méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí i gbà lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tí kò rí i gbà ti lé wọn bá. Àwọn kan fi èyí sọ pé ẹ̀bùn náà kò já mọ́ nǹkan. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà ní ilé ìwé lọ́dún tí ọwọ́ òbí rẹ̀ dẹ̀ yóò máa lọ sí ilé ìwé. Èyí tí òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ti dàgbà jù fún un. Àkókò ni ẹ̀bùn náà rà, àkókò kò sì ní ìpààrọ̀ fún ọmọdé.

6. Ta ni yóò pín in?

Ìbéèrè tó le ju ti ọ̀lẹ lọ ni ti olùpín. Owó ọ̀fẹ́ tó bá ti òkè wá máa ń ní ojú ìbò; ẹni tó sún mọ́ olóṣèlú ni yóò rí i. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2010, nígbà tí ICC Services wó lulẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi èlé gọbọi tan ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ní Bẹ̀nẹ̀ pàdánù owó, ọ̀ràn náà sì gba ipò lọ́wọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Òmùgọ̀ kọ́ ni àwọn tó kówó síbẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n kó lé ẹni tí wọn kò lè bi léèrè lọ́wọ́. Nínú èsúsú, a mọ ẹni tó kó, a mọ iye tó kó, a sì mọ ilé rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ló yẹ kí owó ọrẹ bá lọ.

Nítorí náà, bí méérì Pobè tàbí ti Sakété bá fẹ́ ṣe irú àpò owó bẹ́ẹ̀, a ń dábàá ìlànà márùn-ún. Èkíní, ẹgbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí a gbé owó fún, torí ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí owó máa ń túká bí owó bá tán. Èkejì, kí a ka orúkọ, iye àti ìdí sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní èdè Nàgó tàbí Ọ̀họ̀rí, kí a sì sọ fún ẹni tí kò rí gbà ìdí tí kò fi rí gbà. Ìwé Faransé lára ògiri ilé méérì kò tó. Ẹ̀kẹta, kí iye náà tó parí nǹkan kan: ẹ̀rọ ìránṣọ, ìfúntí epo, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Èyí túmọ̀ sí pé ìdílé díẹ̀ ni yóò gbà á lọ́dún kan, yóò sì dá awuyewuye sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 30.000 fún gbogbo ènìyàn kò parí nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹrin, kí ọjọ́ ìpín bá àkókò iṣẹ́ mu. Owó ẹyìn tó dé lóṣù kẹjọ ti pẹ́ jù. Ẹ̀karùn-ún, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò sí nínú èsúsú kankan: àlejò, ọ̀dọ́, opó tí kò rí owó dá mọ́. Èsúsú kì í gba ẹni tí kò lè dá owó. Bí owó ìlú bá gba ọ̀nà rẹ̀ nìkan, àbùkù rẹ̀ yóò di ti ìlú.

Ibo ni owó náà yóò ti wá? Lọ́dún 2008 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ sí àwọn méérì nípasẹ̀ FADeC. Ìpín kékeré nínú irú owó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó wà ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Èkó náà ń dá owó fún ọdún ìbílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ààfin. A kò ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. À ń bi wọ́n pé èwo nínú àwọn tó ń jókòó sínú ilé ńlá wọ̀nyí ni òwò rẹ̀ wó lọ́dún tó kọjá, tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

7. Ìgúnlẹ̀

Owó ọrẹ kò lè ṣí ààlà tí Abuja bá tì, kò lè gbé náírà sókè, kò sì lè rọ́pò ìtọ́jú ìlera. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń tanni jẹ. Ohun tó lè ṣe kéré sí èyí, ó sì ṣe pàtàkì: ó lè jẹ́ kí obìnrin kan ní Pobè pa epo rẹ̀ mọ́ títí di oṣù tí epo yóò fi wọ́n. Ètò Alafia ti fi hàn pé ìjọba lè fi owó ránṣẹ́ dé ọwọ́ obìnrin náà lórí fóònù. PNDCC ti fi hàn pé ará abúlé lè pín owó kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀. Èsúsú ti fi hàn pé wọ́n mọ ara wọn. Ohun tó kù ni pé kí ìjọba gbà láti má ṣe béèrè owó náà padà. Títí ìgbà náà, ẹni tí a bá bi pé ‘Ṣé àlàáfíà ni?’ yóò kọ́kọ́ ka ọjọ́ tó kù kí ó dá owó, kí ó tó dáhùn.